Ta Ló Ni Bàálù Náà ní Ìṣẹ́jú Àáyá Yẹn?

Ẹnu ni mo fi ṣe iṣẹ́ tí mo ṣe jẹun fún ọdún tó lé ní 25. Adarí ọkọ̀ òfurufú kì í fọwọ́ kan bàálù, kò sì sí okùn tó so òun pẹ̀lú rẹ̀. Inú yàrá kan lórí ilẹ̀ ló jókòó sí, ohùn rẹ̀ nìkan ló ń gòkè lọ, tí bàálù tó gbé igba ènìyàn fi ń yà sọ́tùn-ún tàbí kí ó sọ̀kalẹ̀. Ẹni tó bá ti fi ohùn ṣiṣẹ́ pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ a máa rò pé kò sí ìṣòro tí kò ní ọ̀rọ̀ tí a lè fi yanjú rẹ̀. Ẹ̀rọ kan tí kò sí lọ́dọ̀ mi, tó wà nínú bàálù fúnra rẹ̀, ló kọ́ mi pé ìṣẹ́jú àáyá kan ń bẹ tó jẹ́ pé ìpalára ni ọ̀rọ̀ mi lè ṣe níbẹ̀.

Mo kọ́ iṣẹ́ náà ní ilé-ẹ̀kọ́ ìmọ̀ ọkọ̀ òfurufú tó wà ní Zaria, ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990. Ní ibi tí wọ́n kọ́kọ́ rán mi lọ, kò sí rédà tí a lè wò. Ìwé tẹ́ẹ́rẹ́ kan là ń lò fún bàálù kọ̀ọ̀kan: a ó kọ orúkọ rẹ̀ sí i, ibi tó ti ń bọ̀, gíga tó wà, àti aago tí awakọ̀ sọ pé òun yóò dé orí ibùdó àmì tó kàn; a ó wá to àwọn ìwé náà sórí pátákó níwájú wa. Bàálù méjì tó wà ní gíga kan náà lójú ọ̀nà kan náà gbọ́dọ̀ fi ìṣẹ́jú 10 jìnnà síra. Bí gíga wọn bá yàtọ̀, ẹsẹ̀ bàtà 1,000 tó láàárín wọn títí dé 29,000. Láti ibẹ̀ lọ sókè, 2,000 ni, títí di ọjọ́ 25 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2008 tí wọ́n dín in kù sí 1,000 ní sánmà Áfíríkà, láàárín 29,000 sí 41,000. Inú orí wa ni sánmà wà. Awakọ̀ ló ń sọ ibi tó wà fún wa, àwa sì gbà á gbọ́, nítorí pé kò sí ẹlòmíràn tí a lè bi.

Rédíò tí ń gbé ohùn lọ sí ọ̀nà jíjìn nígbà náà a máa hó bí òjò tó ń rọ̀ sórí páànù. Ní àsìkò Hajj, ìdààmú náà a máa pọ̀ sí i, nítorí pé àwọn bàálù tó ń kó èrò láti ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà lọ sí Jẹ́dà ń gba ìlà-oòrùn lọ, àwọn tó ń bọ̀ láti Yúróòpù sì ń gba àríwá sọ̀kalẹ̀ wá, ọ̀nà wọn ń dábùú ara wọn lókè Sàhárà. Àwọn awakọ̀ kò dúró dè wá. Lábẹ́ ìlànà tí IATA, ẹgbẹ́ àwọn ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú lágbàáyé, là sílẹ̀ fún ọ̀pọ̀ apá sánmà Áfíríkà, wọ́n ń lo ìkànnì kan, 126.9, láti kéde ara wọn fún ara wọn: èmi rèé, gíga mi rèé, ọ̀nà mi rèé, aago tí n ó dé oríta rèé. Bí ọ̀nà bá jìn, wọn a tún un sọ ní gbogbo ìṣẹ́jú 20, wọn a sì sọ ọ́ kí wọ́n tó gòkè tàbí kí wọ́n tó sọ̀kalẹ̀. Àwọn kan nínú wa ka èyí sí àbùkù, bí ìgbà tí àwọn ọmọ ilé ń ṣètò ara wọn nítorí pé baálé ti sùn. Mo wà lára wọn. Ó pẹ́ kí n tó rí i pé ohun tí wọ́n wá ń pè ní ìmọ̀ ẹ̀rọ tuntun, pé kí bàálù mọ àlàfo tó wà láàárín òun àti èkejì rẹ̀ láìdúró de àwọn ará ilẹ̀, ẹnu ni àwọn awakọ̀ tó ń gba orí Áfíríkà ti ń fi ṣe é kí ẹ̀rọ tó dé.

Oṣù Kọkànlá ọdún 1996 ló yí ojú tí mo fi ń wo ọ̀rọ̀ náà padà. Ní ọjọ́ 7 oṣù náà, Boeing 727 ti ilé-iṣẹ́ ADC tó ń bọ̀ láti Port Harcourt sí Èkó já sí Ejìnrìn, ní agbègbè Ẹ̀pẹ́, gbogbo èrò inú rẹ̀ tó lé ní 140 sì kú; Ọ̀jọ̀gbọ́n Claude Ake wà lára wọn. Bàálù náà kò kọlu bàálù kankan. Òmíràn ló wà lójú ọ̀nà rẹ̀, awakọ̀ rẹ̀ sì yí i kíákíá láti yẹra fún un. Ó yẹra nítòótọ́, ṣùgbọ́n yíyí náà le débi pé bàálù bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ọjọ́ márùn-ún lẹ́yìn náà, bàálù méjì kọlu ara wọn lókè Charkhi Dadri, nítòsí Delhi ní Íńdíà, ènìyàn 349 sì ṣègbé. Nínú yàrá wa lọ́sẹ̀ yẹn, ẹnikẹ́ni kò sọ ohun tí kò bá iṣẹ́ mu. Olúkúlùkù ń ka ìwé tẹ́ẹ́rẹ́ iwájú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹta, bí ẹni tó ń ka owó tí kò pé.

Láti ìgbà náà ni orúkọ TCAS, ẹ̀rọ inú bàálù tí kì í jẹ́ kí bàálù méjì kọlu ara wọn, ti wọ ẹnu wa, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀rọ náà kì í ṣe tuntun mọ́ ní ibòmíràn. Amẹ́ríkà ti fi òfin sọ ọ́ di dandan ní 1987, lẹ́yìn tí bàálù ńlá kan àti kékeré kan kọlu ara wọn lókè Cerritos ní California ní ọdún tó ṣáájú, tí ènìyàn 82 kú, àwọn mìíràn nínú wọn lórí ilẹ̀. Bí ó ṣe ń ṣiṣẹ́ kò ṣòro láti ṣàlàyé fún ará Èkó. Ẹni tó fẹ́ sọdá ọ̀nà Ìkòròdú kì í wọn bí mọ́tò ṣe jìnnà sí i. Eré tí mọ́tò náà ń sá ló ń wò, ó sì ń bi ara rẹ̀ pé ìgbà wo ni yóò dé ọ̀dọ̀ mi. Bẹ́ẹ̀ ni TCAS ń ṣe. Ó ń pe àwọn bàálù tó yí i ká lórí rédíò, transponder wọn, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń dáhùn irú ìpè bẹ́ẹ̀, ń dá a lóhùn, ó sì ń ṣírò iye ìṣẹ́jú àáyá tó kù kí wọ́n tó súnmọ́ ara wọn jù. Bó bá ku nǹkan bí 40, yóò kìlọ̀ fún awakọ̀ pé kí ó la ojú rẹ̀. Bó bá ku nǹkan bí 25, yóò pàṣẹ pé kí ó gòkè, tàbí kí ó sọ̀kalẹ̀. Àṣẹ yìí là ń pè ní RA. Kì í sọ pé kí bàálù yà sọ́tùn-ún tàbí sósì, bẹ́ẹ̀ ni kì í béèrè pé kí awakọ̀ fi ipá yí i. Mo máa ń rántí Ejìnrìn nígbàkígbà tí mo bá ń ṣàlàyé èyí. Bí bàálù méjèèjì bá ní ẹ̀rọ náà, àwọn ẹ̀rọ yóò ti fohùn ṣọ̀kan kí wọ́n tó pàṣẹ, kí ọ̀kan lè gòkè kí èkejì sì sọ̀kalẹ̀. Bàálù tí transponder rẹ̀ bá kú, TCAS kò rí i rárá.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan ní ọdún 2000 ni mo kọ́kọ́ gbọ́ RA lórí ìkànnì tí èmi ń darí. Bàálù kan ń gòkè lọ sí ẹsẹ̀ bàtà 24,000, òmíràn ń sọ̀kalẹ̀ bọ̀ sí 25,000, ọ̀nà wọn sì fẹ́ pàdé. Ẹsẹ̀ bàtà 1,000 wà láàárín gíga tí mo fún wọn, nítorí náà ọkàn mi balẹ̀. Lójijì, ẹni tó ń gòkè sọ pé, "TCAS RA." Ohùn rẹ̀ le, ó sì kúrú. Ohun tó yẹ kí n fi fèsì ni "Roger", ìyẹn "mo ti gbọ́", ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, kí n sì dákẹ́. Dípò bẹ́ẹ̀, mo tẹ bọ́tìnì, mo ní kí ó dúró ní 24,000, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé ibi tí èkejì wà. Kò dá mi lóhùn. Mo tún un sọ, ohùn mi sì ga ju ti àkọ́kọ́ lọ. Kò dáhùn síbẹ̀. Bóyá ìṣẹ́jú àáyá 20 ló kọjá, bóyá 30. Lójú tèmi, ó gùn bí odidi ọjọ́ kan. Ó wá sọ pé ewu ti kọjá, pé òun ń padà sí gíga tí mo fún òun.

Inú bí mi gidigidi. Mo kà á sí àfojúdi pé awakọ̀ kò dá mi lóhùn, pàápàá nígbà tí n kò ṣe àṣìṣe kankan. Ọ̀gá tó ń bójú tó wa ní alẹ́ yẹn, àgbà obìnrin kan tí gbogbo wa ń pè ní Màmá, kò bá mi wí lójú àwọn ẹlẹgbẹ́ mi. Nígbà tí mo dìde lórí àga, ó pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ní:

"Ọmọ mi, ta ló ni bàálù yẹn ní ìṣẹ́jú àáyá yẹn?"

Mo ní, "Èmi ni, mà."

Ó ní, "Rárá o. Láti ìgbà tó ti sọ pé RA títí tó fi sọ pé ewu ti kọjá, kì í ṣe tìẹ. Ìwọ ò rí wọn, ẹ̀rọ ló rí wọn. O tún wá ń pariwo sétí ẹni tí ẹ̀rọ ń bá sọ̀rọ̀."

Mo ní, "Ẹ má bínú, mà, àmọ́ mo ti fún wọn ní 1,000."

Ó wò mí títí, ó ní, "Ká ní o ti ṣèèṣì fún wọn ní gíga kan náà ńkọ́?"

N kò rí èsì fún un.

Ìdí tí ẹ̀rọ náà fi ké nígbà tí gíga tí mo fún wọn yàtọ̀ síra kò fara sin, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀yìn náà ni ó tó yé mi. TCAS kò mọ ibi tí awakọ̀ ti pinnu láti dúró. Bàálù tó ń gòkè ní ìwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà 3,000 láàárín ìṣẹ́jú kan, tó sì kọjú sí òmíràn tó ń sọ̀kalẹ̀ pẹ̀lú irú eré bẹ́ẹ̀, ìjàǹbá ló dà lójú rẹ̀, bí ìgbà tí dánfó bá ń sáré bọ̀ níwájú ẹni, tí awakọ̀ rẹ̀ nìkan sì mọ̀ pé òun yóò tẹ bíréèkì. Àtúnṣe rẹ̀ ni pé kí awakọ̀ dín eré gígòkè kù sí 1,500 tàbí kí ó má tó bẹ́ẹ̀ nínú ẹsẹ̀ bàtà 1,000 tó gbẹ̀yìn, kí èmi náà sì ti sọ fún un ṣáájú pé ẹnìkan wà lókè rẹ̀. Láti ọjọ́ náà, mo ń sọ ọ́ ṣáájú. Mo kórìíra àsọjù nínú iṣẹ́ wa, ṣùgbọ́n èyí kì í ṣe àsọjù.

Ọ̀rọ̀ mi ìbá ti di ẹ̀fẹ̀ tí a fi ń mu tíì, bí kì í bá ṣe ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Ní ọjọ́ 31 oṣù Kìíní ọdún 2001, ní sánmà Japan, adarí kan tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ ṣi bàálù méjì ilé-iṣẹ́ kan náà pè, ó sì ní kí èyí tí kò ní í lọ́kàn sọ̀kalẹ̀. TCAS ní kí bàálù yẹn gòkè. Awakọ̀ rẹ̀ tẹ̀lé adarí. Díẹ̀ ló kù kí wọ́n kọlu ara wọn, nǹkan bí 100 ènìyàn ló sì farapa nínú bí wọ́n ṣe yẹra lójijì. Lẹ́yìn oṣù 17, ní alẹ́ ọjọ́ 1 oṣù Keje ọdún 2002, irú rẹ̀ tún ṣẹlẹ̀ lókè Überlingen ní Jámánì, kò sì sí yíyẹra mọ́. Tupolev kan tó kó àwọn ọmọ ilé-ìwé láti Rọ́ṣíà àti Boeing 757 tó ń kó ẹrù wà ní ẹsẹ̀ bàtà 36,000 kan náà. Adarí ní Zurich rí i nígbà tó ti fẹ́ pẹ́, ó ní kí Tupolev sọ̀kalẹ̀; ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, TCAS ní kí Tupolev gòkè, ó sì ní kí 757 sọ̀kalẹ̀. Àwọn awakọ̀ Tupolev tẹ̀lé ohùn ènìyàn, ti 757 tẹ̀lé ohùn ẹ̀rọ, àwọn méjèèjì sì jọ ń sọ̀kalẹ̀ títí wọ́n fi pàdé. Ènìyàn 71 ló kú.

Mo ka ìròyìn ìwádìí náà, mo sì mọ̀ pé adarí Zurich náà nìkan ló wà nídìí iṣẹ́, pé tábìlì méjì ló ń sáré láàárín rẹ̀, pé wọ́n ń tún tẹlifóònù ṣe ní alẹ́ yẹn. N kò lè dá a lẹ́bi. Ṣùgbọ́n ibi tí mo ti dáwọ́ kíkà dúró ni ibi tí wọ́n kọ ọ́ sí pé ó tún àṣẹ náà sọ lẹ́ẹ̀kejì. Èmi náà ti tún un sọ lẹ́ẹ̀kejì. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín wa ni ẹsẹ̀ bàtà 1,000 àti awakọ̀ kan tó kọ̀ láti dá mi lóhùn.

Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2003, ICAO, àjọ tó ń ṣètò ìrìnnà òfurufú lágbàáyé, kọ ọ́ gbangba sínú ìlànà pé bí àṣẹ adarí bá tako RA, RA ni kí awakọ̀ tẹ̀lé. Kí wọ́n tó kọ ọ́, ẹ̀rọ náà ti wà nínú bàálù fún nǹkan bí ọdún mẹ́wàá. Èyí ló ń dùn mí jù nínú gbogbo ìtàn náà: wọ́n gbé ẹ̀rọ wọlé, wọ́n sì fi ọ̀rọ̀ ẹni tó ni àṣẹ sílẹ̀ ní ààbọ̀. Kódà, ọ̀rọ̀ ẹnu ẹ̀rọ náà fúnra rẹ̀ ní irú àléébù bẹ́ẹ̀. Nígbà mìíràn, ó máa ń sọ fún awakọ̀ pé kí ó ṣàtúnṣe eré tó fi ń gòkè tàbí tó fi ń sọ̀kalẹ̀, láìsọ bóyá kí ó fi kún un tàbí kí ó dín in kù. Àwọn kan sì gbọ́ ọ ní òdì, wọ́n fi kún un. Àwa Yorùbá ní ààbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí, bó bá dé inú rẹ̀ á di odidi. Ṣùgbọ́n ọmọlúàbí tó ní ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún láti gbé ìgbésẹ̀ kò ráyè sọ ààbọ̀ di odidi. Nínú ẹ̀dà TCAS tí wọ́n pè ní 7.1, wọ́n yí gbólóhùn náà padà sí pé kí ó dúró ní gíga tó wà. Gbogbo bàálù tí òfin kàn ní Yúróòpù gbọ́dọ̀ ní ẹ̀dà yìí láti oṣù Kejìlá ọdún 2015, ti ICAO sì tẹ̀lé e ní 2017.

Àṣà kan tún wà tí ẹ̀rọ náà bí, tí ẹnikẹ́ni kò pète rẹ̀. TCAS ní àwòrán kékeré kan tó fi àwọn bàálù tó wà nítòsí han awakọ̀. Kò pẹ́ tí àwọn awakọ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í dúnàádúrà pẹ̀lú mi: "Mo rí i lórí TCAS, ó ti jìnnà, jẹ́ kí n gòkè." Bí wọ́n bá rí i pé mo ṣiyèméjì, wọn a fi ẹ̀rín sí i. Ìdáhùn mi ni rárá, ó sì ní ìdí. TCAS mọ gíga èkejì dáadáa, ó sì mọ bó ṣe jìnnà tó. Ṣùgbọ́n ìhà tí èkejì wà gan-an, eríálì ló fi ń fojú bù ú, ó sì lè ṣì í. Wọ́n ṣe àwòrán náà kí awakọ̀ lè mọ ibi tí yóò wò láti inú fèrèsé, wọn kò ṣe é kí ó fi wọn àlàfo. Ìjà kékeré ni mo bá ọ̀pọ̀ awakọ̀ jà lórí ọ̀rọ̀ yìí, n kò sì kábàámọ̀ ọ̀kankan.

Ní ọdún 2010 ni wọ́n ṣí ètò rédà TRACON ní Nàìjíríà, pẹ̀lú ibùdó mẹ́sàn-án láti Èkó dé Maiduguri, ìwé tẹ́ẹ́rẹ́ sì dẹ́kun láti jẹ́ gbogbo ojú tí a ní. Ní àkókò kan náà, ẹ̀rọ mìíràn tí wọ́n ń pè ní ADS-B ń wọlé. Kì í dúró kí ẹnikẹ́ni bi í léèrè: bàálù a gba ipò rẹ̀ lọ́wọ́ sátẹ́láìtì GPS, a sì máa kéde rẹ̀ fún gbogbo ayé bí ẹ̀ẹ̀mejì láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Nígbà tí mo kọ́kọ́ kà á, mo rẹ́rìn-ín, nítorí pé 126.9 ni mo rí: èmi rèé, gíga mi rèé, ọ̀nà mi rèé. Bàálù tó bá ní ẹ̀rọ tó ń gbọ́ ìkéde náà lè mọ ibi tí ẹlòmíràn wà gan-an, èyí tí TCAS kò lè ṣe, nítorí náà a lè gbé ìwọ̀n lé e lórí.

Ohun tí wọ́n kọ́kọ́ fi ṣe lórí òkun ni ìlànà tí a ń pè ní ITP, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í dán wò pẹ̀lú èrò nínú bàálù lórí Pàsífíìkì ìhà gúúsù ní 2011. Láàárín òkun, níbi tí kò sí rédà, bàálù tó wà lẹ́yìn lè fẹ́ gòkè kí epo má bàa ṣòfò, ṣùgbọ́n ẹnìkan wà ní gíga tó fẹ́ gbà kọjá. Ìṣẹ́jú 10 tí a ń fi sáàárín wọn, nǹkan bí máìlì ojú omi 80 ni. Lábẹ́ ITP, máìlì 15 tó, bí eré tí ẹni ẹ̀yìn fi ń lé ẹni iwájú bá kò bá ju knot 20 lọ (máìlì ojú omi 20 láàárín wákàtí kan), tàbí máìlì 20 bí kò bá ju 30 lọ. Ó sì gbọ́dọ̀ gòkè ní ìwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà 300 ó kéré tán láàárín ìṣẹ́jú kan. Awakọ̀ ló ń ka ìwọ̀n náà lójú ẹ̀rọ rẹ̀, ó ń sọ ọ́ fún adarí, adarí a yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ọ̀nà wọn dọ́gba àti bóyá ẹni iwájú kò fẹ́ yà tàbí kí ó pààrọ̀ gíga, lẹ́yìn náà ni yóò tó gbà. Ojú bàálù ni adarí yá lò níbẹ̀. Àlàfo náà ṣì wà lọ́rùn adarí.

Mo fẹ́ràn ìlànà yìí nítorí pé wọ́n dáhùn ìbéèrè Màmá kí wọ́n tó gbé ẹ̀rọ wọlé. Ìwé kan tí Eurocontrol, àjọ sánmà ti Yúróòpù, àti FAA, ti Amẹ́ríkà, jọ gbé jáde ní 2001 ti pín irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ sí ipele mẹ́rin: bàálù tó kàn ń rí àwọn ẹlòmíràn, èyí tó ń pa ìjìnnà kan mọ́ lẹ́yìn ẹnìkejì bí adarí ṣe ní kí ó ṣe, èyí tí adarí fa àlàfo ẹnìkan ṣoṣo lé lọ́wọ́ fún ìgbà díẹ̀, àti èyí tó ń yà ara rẹ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára gbogbo èèyàn láìsí adarí. Bí ẹ bá wò ó dáadáa, ẹ ó rí i pé ẹni tó ni ẹ̀bi bí nǹkan bá bàjẹ́ ni wọ́n fi pín in, kì í ṣe irú ẹ̀rọ tó wà níbẹ̀. Ipele kẹrin ni mo ń ṣiyèméjì sí. Bí ẹnìkan bá fi ohun èlò dí àmì GPS lọ́wọ́, bí ó ti ń ṣẹlẹ̀ nítòsí àwọn ibi tí ogun wà, gbogbo àwọn tó ń kéde ara wọn lè sọ ọ̀rọ̀ tí kì í ṣe òtítọ́ lẹ́ẹ̀kan náà, ohùn wọn yóò sì dún ketekete.

Nísinsìnyí tí mo ti fẹ̀yìn tì, wọ́n a máa pè mí nígbà mìíràn láti jókòó ti àwọn ọ̀dọ́ tó ń fi kọ̀ǹpútà kọ́ iṣẹ́ adarí. Mo máa ń fún wọn ní bàálù mẹ́jọ tàbí mẹ́sàn-án, mo a jẹ́ kí ọwọ́ wọn dí, lẹ́yìn náà ni n ó ṣe ohùn awakọ̀ láti yàrá kejì: "TCAS RA." Mo ní aago kan lọ́wọ́. N kì í wo ohun tí wọ́n sọ. Iye ìṣẹ́jú àáyá tí wọ́n fi dákẹ́ ni mo ń kà. Ọ̀pọ̀ wọn kì í kọjá 4. Ní oṣù tó kọjá, ọmọbìnrin kan láti Ògbómọ̀ṣọ́ sọ pé "Roger", ó gbé ìka kúrò lórí bọ́tìnì, ó ká ọwọ́ méjèèjì sórí itan, ó sì ń wo àmì méjì náà bí wọ́n ṣe ń wọ inú ara wọn lójú rédà. Mo mọ̀ọ́mọ̀ fa ọ̀rọ̀ gùn. Ìṣẹ́jú àáyá 31 ni mo kà kí n tó sọ fún un pé ewu ti kọjá. Ọwọ́ rẹ̀ ṣì wà lórí itan rẹ̀, ó ń gbọ̀n.